Ikú Tí Irúgbìn Fúnra Rẹ̀ Pàṣẹ: Ohun Tí Mo Rí Kọ́ Nínú Oko àti Lábẹ́ Máíkíróskóòpù

Láti Kábà dé Ìsánlú, láti Ìyàrà dé Ẹ̀gbẹ̀, ìbéèrè kan náà ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àgbẹ̀ tó bá rí ojú òkú lára ewé: "Oògùn wo ni kí n fín sí i?" Ìrírí ti kọ́ mi pé ìbéèrè mìíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: ta ló pa á? Ọ̀pọ̀ ohun tó ń kú lára irúgbìn ni kì í ṣe àrùn ló pa á, kì í ṣe kòkòrò, kì í sì í ṣe ọ̀dá. Irúgbìn fúnra rẹ̀ ló pàṣẹ pé kí sẹ́ẹ̀lì báyìí kú, níbi báyìí, lásìkò báyìí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Irú ikú bẹ́ẹ̀ ní iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, ẹni tó bá sì lọ ra oògùn torí rẹ̀ ti fi owó ṣòfò. Ikú aláṣẹ ni màá máa pè é níhìn-ín, kí n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ikú òjijì, èyí tí iná, májèlé tàbí ọgbẹ́ ń fà.

Orí ewé ni ojú ti kọ́kọ́ ń rí i. Ẹ wo kọfí, tó ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ oko àtijọ́ ní ilẹ̀ Kábà àti Ìjùmú. Fọ́ńgọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní Hemileia vastatrix, tó ń mú kí ewé kọfí dà bíi pé ó dógùn-ún. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè nìkan ló lè jẹ. Bí sẹ́ẹ̀lì bá kú, oúnjẹ rẹ̀ tán nìyẹn. Igi kọfí tó bá ní jíìnì ìdáàbòbò (jíìnì ni àṣẹ àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì) tó dá fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí mọ̀ kì í dúró wò ó. Sẹ́ẹ̀lì tí ọ̀tá wọ̀ àti díẹ̀ lára àwọn tó yí i ká á pa ara wọn, wọ́n á sì fi ọ̀tá náà sílẹ̀ láàárín òkú. Bí àgbẹ̀ wa ṣe ń dáná sun ilà ilẹ̀ kan yí oko ká nígbà ọyẹ́ kí iná ìgbẹ́ má bàa wọlé náà nìyẹn: a pàdánù díẹ̀ kí púpọ̀ lè yè. E. C. Stakman, onímọ̀ àrùn irúgbìn ará Amẹ́ríkà, ló fún ìwà yìí lórúkọ lọ́dún 1915, nígbà tó ń wo irú fọ́ńgọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ lára àlìkámà.

Báwo ni ojú lásán ṣe máa mọ̀ ọ́n? Àmì ikú aláṣẹ kéré bí orí abẹ́rẹ́ tàbí kó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ó gbẹ, etí rẹ̀ mọ́ kedere, kò sì sí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ọsàn kankan lábẹ́ ewé níbẹ̀. Bí ẹ bá yí ewé padà, tí ẹ fi ìka nu abẹ́ rẹ̀, tí ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú sì bá ìka wá, ọ̀tá ti borí nìyẹn, ó ti ń bímọ. Àmì àrùn tún máa ń tàn kálẹ̀, ó lè rin bíi pé omi wà nínú rẹ̀, ó lè ní òrùka inú òrùka, tàbí kí àwọ̀ yẹ́lò yí i ká.

Ojú nìkan lè tan ni jẹ. Ọ̀nà tó dá mi lójú jù ni ti máákà tí omi kì í fọ̀. Ẹ fi máákà náà fa róbótó yí àmì òkú ká, kó kan etí rẹ̀ gan-an, láìgún ewé. Ẹ ṣe é sí ewé mẹ́wàá lórí igi tàbí ebè oríṣiríṣi, kí ẹ sì kọ ọjọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ padà wò ó lọ́jọ́ kẹta àti lọ́jọ́ keje. Bí òkú náà bá ṣì wà nínú róbótó tí ẹ fà, irúgbìn ti parí iṣẹ́ rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ó bá ti kọjá róbótó lórí èyí tó pọ̀ nínú ewé náà, àrùn ni, ẹ má fi falẹ̀ mọ́. Ewé tuntun ni kí ẹ lò, kì í ṣe èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, nítorí ewé ìsàlẹ̀ ní ìdí tirẹ̀ tó fi ń kú, a máa dé ibẹ̀.

Gbòǹgbò náà ń ja irú ìjà yìí. Àwọn ẹ̀yà ẹ̀wà kan wà, bíi B301 tó wá láti Botswana, tó jẹ́ pé bí Striga, èpò afọmọ tó ń fa oúnjẹ lára gbòǹgbò irúgbìn mìíràn, bá fẹnu so mọ́ gbòǹgbò wọn, sẹ́ẹ̀lì ibi ìsopọ̀ yẹn á kú, á di àwọ̀ ilẹ̀, ọmọ Striga náà á sì gbẹ láìrí omi mu. Lọ́dún 2009 ni wọ́n rí jíìnì tó wà nídìí rẹ̀, RSG3-301. Ẹni tó bá fa irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ tu, tó fọ gbòǹgbò rẹ̀ nínú abọ́ omi, tó sì rí àmì dúdú kéékèèké lára rẹ̀, kó má sọ pé gbòǹgbò ń rà.

Àmọ́ o, kì í ṣe gbogbo ọ̀tá ni ikú sẹ́ẹ̀lì ń dá dúró. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé òkú gan-an ni oúnjẹ wọn. Fọ́ńgọ́ọ̀sì Colletotrichum tó ń jó ewé ewùrà dúdú wà nínú wọn: ó kọ́kọ́ ń gbé inú sẹ́ẹ̀lì láàyè fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa ń pa á, tó sì ń jẹ òkú rẹ̀ lọ. Níbẹ̀, bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń kú tó ni ọ̀nà ń là fún un tó. Ìdí nìyí tí oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì lórí ewùrà fi gbọ́dọ̀ ṣáájú àmì ńlá. Bí ìtàkùn bá ti dúdú láti òkè délẹ̀, fífín oògùn kò dá nǹkan padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àgbàdo ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1970 ló fi ọ̀rọ̀ yìí hàn jù. Nínú òdòdó akọ àgbàdo, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan wà tó ń bọ́ àtíkè òdòdó. Ó gbọ́dọ̀ kú, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kú lásìkò. Bí ó bá yá jù, àtíkè á yàgàn. Àwọn tó ń ṣe irúgbìn àgbàdo aláwọ̀kọ (hybrid, èyí tí wọ́n fi ẹ̀yà méjì pọ̀ bí) fẹ́ràn ìdílé àgbàdo kan láti Texas nítorí èyí gan-an: ìpele náà ń kú ṣáájú àsìkò lára rẹ̀, kò sì sídìí láti máa fi ọwọ́ já orí akọ òdòdó kúrò. Nígbà tó fi máa di 1970, nǹkan bí ìdá 85 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo orílẹ̀-èdè náà ló ti ní in. Purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní URF13, tó wà nínú mitokóńdíríà, ìyẹn ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára, ló ń fa àìlẹ́tù yẹn. Purotéènì yẹn kan náà ni májèlé tí fọ́ńgọ́ọ̀sì Bipolaris maydis ẹ̀yà T ń tú jáde ń dì mọ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì. Nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àgbàdo gbogbo orílẹ̀-èdè náà ló bá a lọ lọ́dún kan. Nítorí rẹ̀ ni mo fi ń tẹnu mọ́ ọn fún ẹnikẹ́ni tó ń ra irúgbìn aláwọ̀kọ pé kó má fi irú kan ṣoṣo gbin gbogbo oko rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wọnú sẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ló ṣàlàyé ìyókù. Nínú ara èèyàn àti ẹranko, bí sẹ́ẹ̀lì bá kú ikú aláṣẹ, sẹ́ẹ̀lì mìíràn ló ń gbé òkú rẹ̀ mì. Kerr, Wyllie àti Currie ló kọ̀wé lórí irú ikú ti ẹranko yìí lọ́dún 1972. Irúgbìn kò ní sẹ́ẹ̀lì agbémì kankan, ògiri tó yí sẹ́ẹ̀lì ká kò sì ní jẹ́ kí aládùúgbò wọlé. Sẹ́ẹ̀lì irúgbìn ló ń jẹ ara rẹ̀ run látinú. Àpò omi ńlá kan wà láàárín sẹ́ẹ̀lì tó ti dàgbà. Ó lè gba ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àyè ibẹ̀. Omi nìkan kọ́ ló wà nínú àpò yìí. Àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ purotéènì àti DNA wà níbẹ̀, awọ fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ló sì dá wọn dúró. Nígbà tí àṣẹ bá dé, awọ yẹn á bẹ́, gbogbo rẹ̀ á sì dà sínú sẹ́ẹ̀lì.

Ibi tí wọ́n ti rí i kedere jù ni ọ̀nà omi inú igi. Lọ́dún 1980, Fukuda àti Komamine ní Japan ya sẹ́ẹ̀lì ewé òdòdó Zinnia sọ́tọ̀, wọ́n tọ́ wọn nínú omi oúnjẹ tó ní auxin àti cytokinin, àwọn kẹ́míkà tó ń darí ìdàgbà irúgbìn, wọ́n sì rí i pé láàárín bí ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin wọ́n ń yí padà di ọ̀nà omi. Ètò rẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ fi lígínìn, ohun tó ń mú igi le, mú ògiri rẹ̀ le, lẹ́yìn náà ni àpò omi á wá bẹ́. Láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tó bá bẹ́, DNA inú rẹ̀ ti lọ tán. Ohun tó kù ni ihò gígùn tí ògiri líle yí ká, omi á sì máa gba ibẹ̀ gòkè. Bí ó bá kú kí ògiri tó le, fífà tí ewé ń fa omi á pa ihò náà dé. Pákó ìrókò tí ẹ fi kan ilẹ̀kùn, òkú sẹ́ẹ̀lì irú èyí ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán, agbára rẹ̀ sì wá látinú bí wọ́n ṣe parí iṣẹ́ kí wọ́n tó kú.

Àwọn olùkọ́ báyọ́lọ́jì ní àgbègbè wa lè fi máíkíróskóòpù lásán han àwọn ọmọ bí a ṣe ń mọ òkú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ bó awọ fẹ́lẹ́ inú àlùbọ́sà, kí ẹ gé e ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan ní gígùn àti ní ìbú. Ẹ rì í sínú aró tí wọ́n ń pè ní Evans blue, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 0.25 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ sì fi omi ṣan án títí omi tó ń kán kò fi ní àwọ̀ mọ́. Sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè kò ní jẹ́ kí aró wọlé. Èyí tó ti kú á di búlúù. Ohun tó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ kò ju méjì lọ. Sẹ́ẹ̀lì etí ibi tí abẹ ti gé ti kú látọwọ́ abẹ, ẹ má kà á mọ́ ọn. Bí ẹ bá sì rì í pẹ́ jù, aró fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa èyí tó wà láàyè.

Ẹ lè fi omi iyọ̀ dán an wò pẹ̀lú. Bí ẹ bá kán omi iyọ̀ sí sẹ́ẹ̀lì alààyè, inú rẹ̀ á sún kúrò lára ògiri. Bí ẹ bá fi omi lásán ṣan án, á padà sípò. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ikú aláṣẹ náà lè sún kúrò lára ògiri báyìí, ṣùgbọ́n kò ní padà mọ́, yóò sì gba aró. Nínú sẹ́ẹ̀lì kárọ́ọ̀tì tí wọ́n ń tọ́ nínú omi oúnjẹ, ooru ìwọ̀n 55 fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń fa irú sísún yìí. Bí ooru bá fi púpọ̀ ju ìyẹn lọ, sẹ́ẹ̀lì á kú lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní ráyè ṣe ètò kankan, inú rẹ̀ á sì wà níbi tó wà láìsún. Ìyàtọ̀ láàárín ikú aláṣẹ àti ikú òjijì tí mo ti ń sọ láti òkè wá nìyẹn, lójúkojú.

Ó ní ibì kan tí àìmọ èyí ti máa ń mú kí wọ́n da irúgbìn dáadáa nù, ìyẹn nígbà tí wọ́n bá ń fi tetrazolium, kẹ́míkà tó ń sọ ibi tó wà láàyè di pupa, yẹ àgbàdo wò. Ẹ rẹ àgbàdo sínú omi mọ́jú, kí ẹ là á sí méjì ní òró kí abẹ gba àárín ọlẹ̀ inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ fi ìlàjì kan sínú omi tetrazolium onídàá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, nínú òkùnkùn, ní ooru ìwọ̀n 30, fún wákàtí méjì. Ibi tó wà láàyè á pupa. Ọlẹ̀ á pupa, ìpele tínrín tó wà lábẹ́ èèpo náà á pupa, ṣùgbọ́n funfun ńlá tó kún fún ṣítáàṣì kò ní pupa rárá. Ẹlòmíràn á rí i, á sì sọ pé ìdajì irúgbìn ti kú. Lóòótọ́ ló ti kú, àmọ́ láti ìgbà tí àgbàdo ṣì wà lórí igi ló ti kú nípa àṣẹ. Sẹ́ẹ̀lì inú ṣítáàṣì máa ń kú bí wọ́n bá ti ń kún, kí ọlẹ̀ lè rí oúnjẹ tó wà nílẹ̀ jẹ nígbà tó bá hù. Ọlẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi ṣèdájọ́. Ẹni tí kò bá rí kẹ́míkà náà rà, kó ka àgbàdo ọgọ́rùn-ún sínú iyanrìn tútù, kó sì ka iye tó hù lọ́jọ́ keje.

Nínú àkùrọ̀ wa, pàápàá nígbà òjò oṣù kẹsàn-án, omi máa ń bo ẹsẹ̀ àgbàdo. Ọ́síjìn ń rìn nínú omi ní ìlọ́po nǹkan bí ẹgbàárùn-ún díẹ̀ sí bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́, gbòǹgbò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jìjàkadì fún èémí. Gáàsì ethylene tí gbòǹgbò ń ṣe kò rí ọ̀nà jáde nínú omi, ó á kó jọ síbẹ̀, òun ló sì ń gbé àṣẹ náà kalẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì àárín èèpo gbòǹgbò á kú, àyè afẹ́fẹ́ á ṣí sílẹ̀, ọ́síjìn á sì máa gba ibẹ̀ láti inú ewé sọ̀kalẹ̀. Ẹ fi abẹ tuntun gé gbòǹgbò tó hù láti oríkèé ìsàlẹ̀, ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin sẹ́yìn ẹnu rẹ̀, kí ẹ sì ge é ní pẹlẹbẹ tínrín. Ihò ńláńlá á wà yíká, ọ̀pá àárín rẹ̀ á sì wà lódindi. Kòkòrò kọ́ ló jẹ ẹ́. Ihò kòkòrò kì í tò báyìí, ó sì máa ń ní ìdọ̀tí nínú. Ìrẹsì kì í dúró de omi kó tó ṣe tirẹ̀, ó ti ń la àyè náà sílẹ̀ látìgbà tó ti wà léwe, ìdí nìyẹn tó fi ń gbádùn ibi tí àgbàdo ti ń jìyà.

Ikú aláṣẹ yìí gba àkókò, ọjọ́ méjì sí mẹ́ta. Omi tó dé díẹ̀díẹ̀ ń fún àgbàdo láyè láti ṣe é. Èyí tó bò ó lójijì kò fún un láyè. Àgbàdo tí kò tíì pé ewé mẹ́fà ṣì ní ojú ìdàgbà rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀, bí omi bá sì bò ó ju ọjọ́ méjì lọ nínú ooru tiwa yìí, ó ṣòro kó là á. Kí ẹ la ojú omi sílẹ̀ kí ọjọ́ kejì tó pé; ìyẹn lérè ju ajílẹ̀ tí ẹ máa dà sí i lẹ́yìn náà.

Ewé ìsàlẹ̀ tó ń pọ́n nìyí. Bí àgbàdo kò bá rí náítírójìn tó, ó máa ń pàṣẹ ikú fún ewé tó dàgbà jù, kó lè kó èyí tó wà nínú rẹ̀ lọ fún ewé tuntun àti ọmọ. Pípọ́n náà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ṣóńṣó ewé, á sì gba ojú iṣan àárín wá bíi lẹ́tà V. Bó bá jẹ́ etí ewé ló ń jó, tí àárín sì tútù, pòtásíọ̀mù ni kò tó. Bó bá jẹ́ ewé òkè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ló pọ́n, tí ìsàlẹ̀ wà láwọ̀ ewé, ẹ wá súlfọ̀ (sulphur) tàbí irin, nítorí irúgbìn kì í rí ìwọ̀nyí kó kúrò nínú ewé àgbà ní ìrọ̀rùn. Yúríà tí ẹ bá fi sí i ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn gbígbìn lè dá pípọ́n dúró lórí ewé tí kò tíì bẹ̀rẹ̀; èyí tó ti pọ́n kò ní padà, nítorí ohun tó wà nínú rẹ̀ ti lọ. Ìtàkùn iṣu tó ń gbẹ láti oṣù kọkànlá lọ, ètò kan náà ni: ó ń kó ẹrù rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sínú iṣu. Ẹ jẹ́ kó parí rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ iṣu tó máa pẹ́ nínú àká.

Orí iṣu ni mo fẹ́ dúró pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni owó wà. Nígbà tí ọkọ́ tàbí àdá bá gé iṣu, sẹ́ẹ̀lì ojú ọgbẹ́ á kú ikú òjijì. Èyí tó wà lábẹ́ wọn á fi suberin, ohun kan bí ìda, tẹ́ ògiri wọn. Lábẹ́ ìyẹn, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í pín, wọ́n á tò ní ìpele, wọ́n á fi suberin bo ara wọn, wọ́n á sì kú nípa àṣẹ. Òkú wọn gan-an ni èèpo tuntun. Omi kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ìrà kò sì ní rí ọ̀nà wọlé. Kí iṣẹ́ yìí lè parí, ó fẹ́ ooru ìwọ̀n 32 sí 40 àti ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ tó ju 90 lọ, fún ọjọ́ kan sí mẹ́rin. Ọyẹ́ tiwa kò ní irú ọ̀rinrin yẹn rárá. Bí ẹ bá wa iṣu lóṣù kejìlá tí ẹ kó o sójú afẹ́fẹ́, ojú ọgbẹ́ á gbẹ kí èèpo tó débẹ̀. Gbígbẹ kì í ṣe ìwòsàn. Á là, ìrà á sì gba ojú lílà náà wọlé.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ẹ to iṣu jọ sábẹ́ ibòji, láìjù wọ́n lu ara wọn. Ẹ fi koríko bò wọ́n, kó nípọn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán, kí ẹ wá fi ẹní tàbí àpò ìdọ̀họ bo koríko náà kí ooru ìmí iṣu lè wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin tó. Ẹ má fi ọ̀rá bò ó: omi á sẹ̀ sára iṣu, ọ́síjìn á tán, sẹ́ẹ̀lì tó yẹ kó pín á sì kú kó tó ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹ tẹ ojú ọgbẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò. Bí ó bá le, tó dà bí awọ, tí kò sì rin, ẹ kó o lọ sínú àká. Èyí tí ó bá ṣì rọ̀, ẹ yà á sọ́tọ̀ fún jíjẹ.

Ẹ̀gẹ́ kò rí báyìí, ìyàtọ̀ náà sì ń ná àwọn ènìyàn wa lówó. Iṣu ní ojú tó lè hù lọ́dún tó ń bọ̀, nítorí náà ara rẹ̀ ní ìdí láti wo ọgbẹ́ sàn. Gbòǹgbò ẹ̀gẹ́ kò ní ojú. Igi ẹ̀gẹ́ la ń gbìn. Bí ẹ bá ti já a kúrò lára igi, ọgbẹ́ rẹ̀ kì í yára jinná. Láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún sí méjìléláàádọ́rin ìlà aró dúdú á ti wà nínú rẹ̀, látibi ọgbẹ́ wọnú lọ. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọgbẹ́ mú kí linamarin, kẹ́míkà kan tó wà nínú ẹ̀gẹ́, pàdé ẹ́ńsáìmù tó ń tú sáyánáìdì jáde látinú rẹ̀. Sáyánáìdì ń dí ọ̀nà èémí nínú mitokóńdíríà, háídrójìn pẹróksáìdì àti àwọn ẹbí rẹ̀ á pọ̀ lójijì, sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kẹ́míkà scopoletin inú wọn á sì yí padà di àwọ̀ aró. Kì í ṣe ìrà rárá, kò sí kòkòrò àrùn kankan nínú rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Gbòǹgbò náà ní láti ṣe purotéènì tuntun kí ìlà yìí tó yọ, àmì pé iṣẹ́ ara rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìrà gidi, tó rọ̀ tó sì ń rùn, ọjọ́ bíi márùn-ún sí méje ló máa ń tẹ̀ lé e.

Nítorí pé ọ́síjìn ló ń gbé gbogbo rẹ̀ ró, ohunkóhun tó bá dí ọ́síjìn tàbí tó dín ọgbẹ́ kù á fà á sẹ́yìn. Gígé igi ẹ̀gẹ́ ní ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kí ẹ tó wa gbòǹgbò, kí ẹ fi kùkùté bíi sẹ̀ǹtímítà ogún sí ọgbọ̀n sílẹ̀, ń mú kó pẹ́ dáadáa kí aró tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣítáàṣì rẹ̀ á dín kù díẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń já a, ẹ fi igi kúkúrú sílẹ̀ lórí ọrùn rẹ̀, kí ẹ má ṣẹ́ ọrùn náà. Fún ẹni tó fẹ́ tọ́jú díẹ̀ fún ilé, ẹ to ó sínú àpótí pẹ̀lú ìyẹ̀fun igi láti ibi tí wọ́n ti ń la pákó, ìyẹ̀fun, ẹ̀gẹ́, ìyẹ̀fun, ẹ̀gẹ́. Ìyẹ̀fun náà ní láti tutù, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fún un lọ́wọ́, omi kò gbọ́dọ̀ kán. Bí ó bá gbẹ, aró á dé; bí omi bá pọ̀, ìrà á dé. Ẹ̀gẹ́ ọlọ́yẹ́lò tí wọ́n gbé jáde ní Nàìjíríà lọ́dún 2011, bíi TMS 01/1368, tún máa ń pẹ́ ju funfun lọ, nítorí àwọ̀ yẹ́lò náà ń mú lára àwọn ọ́síjìn tó ń jà yẹn.

Fún àwọn tó ń fi mọ́tò kó ẹ̀gẹ́ lọ síbi ẹ̀rọ gàrí, ètò wíwà ṣe pàtàkì ju oògùn èyíkéyìí lọ. Ẹ má wa ju ohun tí ẹ̀rọ lè rọ láàárín ọjọ́ méjì lọ. Ẹ̀yà tí ẹ ní kì í sì í ṣe ọgbọọgba, nítorí náà ẹ dán wọn wò nínú oko yín fúnra yín. Ẹ mú gbòǹgbò márùn-ún tí kò ní ọgbẹ́ lára ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan. Ẹ gé orí àti ìdí wọn kúrò, kí ẹ fi ọ̀rá wé ìdí pinpin, kí orí wà ní ṣíṣí kí afẹ́fẹ́ lè gba apá kan ṣoṣo wọlé. Ẹ fi wọ́n síbi ibòji fún ọjọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà, ẹ gé wọn ní bìrìkìtì méje, sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì láti apá tó ṣí, kí ẹ sì kọ iye ojú bìrìkìtì kọ̀ọ̀kan tí aró ti gbà sílẹ̀, láti 0 dé 100. Ẹ ro méjèèje pọ̀ kí ẹ pín in sí méje, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún gbòǹgbò márààrún. Ẹ̀yà tí iye rẹ̀ bá ga jù ni kí ẹ kọ́kọ́ wà lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá ṣófo; èyí tí iye rẹ̀ kéré jù ni kí ẹ fi sílẹ̀ fún ọjọ́ ọjà àti fún ọ̀nà jíjìn.